Ẹ̀ṣọ́ Etí Odò

Wọ́n fún mi ní yunifọ́ọ̀mù aláwọ̀ ewé, bàtà róbà, fèrè kan,
wọ́n ní kí n máa ṣọ́ abúlé tí wọ́n bí bàbá mi sí.
Kò sí ènìyàn níbẹ̀ mọ́.
Ìyẹn gan-an ni mò ń ṣọ́.

Láti Ògbómọ̀ṣọ́, bí o bá gun ọ̀kadà kọjá oko káṣú,
kọjá ibi tí ọ̀dà pin sí,
tí erùpẹ̀ pupa fi kun eyín rẹ,
wàá gbọ́ Odò Ọbà kí o tó rí i.
Erékùṣù mẹ́ta ló jókòó sáàrin omi:
ọ̀kan ń jẹ́ Ilé Àkàlà,
ọ̀kan ń jẹ́ Jókòó-Dè-Mí,
ẹ̀kẹta, Ọmọ Ìkẹyìn, kò ju ẹ̀yìn ahun lọ;
a máa rì bí òjò bá pọ̀,
a tún yọjú bí ọyẹ́ bá dé.

Àwọn tó wá wọn ilẹ̀ mú okùn gígùn wá
àti ẹ̀rọ tó ń bá ojú ọ̀run sọ̀rọ̀.
Ọ̀gbẹ́ni Fátókun bi mí ní orúkọ omi, orúkọ òkúta,
mo kà á fún un bí ẹni ka ọmọ ìyá.
Nígbà tí àwòrán ilẹ̀ dé láti Ìbàdàn,
Erékùṣù Kìíní, Erékùṣù Kejì ni mo bá níbẹ̀.
Ẹ̀kẹta kò sí.
Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n wá.

Ogun kọ́ ló tú abúlé yìí.
Kòkòrò dúdú kan ni, kò tó ìdajì hóró ìrẹsì,
tó ń jẹ ni níbi tí omi bá ti ń sáré;
ojú ló ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn, díẹ̀díẹ̀.
Bàbá mi ní: ọjọ́ tí ọkùnrin mẹ́rin di okùn kan mú
kí wọ́n tó lè dé oko,
a mọ̀ pé odò ti kọ̀ wá.

Ojú ọlọ mẹ́tàdínlógún wà lára àpáta etí omi.
Kò sí ẹni tó fi irin gbẹ́ wọn.
Àgbàdo ló gbẹ́ wọn, àti ata,
àti ọwọ́ obìnrin.

Ìgbà máńgòrò ni Àǹtí Àwẹ̀ró dé,
ọmọ-ọmọ rẹ̀ fà á lọ́wọ́, àwo kan lórí.
Mo fọn fèrè.
Ó yíjú síbi tí ohùn ti wá:
“Àlàó, èmi lò ń fọn nǹkan sí?
Èmi tí mo wẹ̀ ọ́ nínú omi yìí,
nígbà tí orí rẹ kò ju àgbálùmọ̀ lọ?”

Ó ní kí n ka ohun tó wà lára pátákó fún òun.
Mo kà á: ILẸ̀ ÀJOGÚNBÁ. ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ WỌLÉ.
A kò gbọdọ̀ pẹja. A kò gbọdọ̀ gégi. A kò gbọdọ̀ mú òkúta.
Ó dákẹ́ títí mo fi parí,
bí ẹni ń gbọ́ àkọ́sórí ọmọdé lọ́jọ́ ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì.
“Àjogúnbá ta ni, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé?”
Lẹ́yìn náà ó ní,
“N kò wá mú òkúta. Mo wá lọ ata.”

Ó fọwọ́ ka ojú ọlọ lọ́kọ̀ọ̀kan,
ó dúró lórí ìkọkànlá, ti ìyá rẹ̀,
ó kúnlẹ̀.
Mo wojú omi. Kí ni mo fẹ́ ṣe?
Nínú ìwé àkọsílẹ̀ ọjọ́ yẹn, mo kọ ọ́ báyìí:
Kò sí àlejò.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ilẹ̀ ti ń ṣú,
ẹja kéékèèké wá ń ṣa hóró ata létí àpáta.
N kò fọn fèrè sí wọn.